Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Bí A Ṣe Ń Fi Oríta àti Ọ̀nà Pa Àrokò

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ìṣirò ní Ilé-Ifẹ̀)

Alága ìjókòó, ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níwájú, ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn bámúbámú, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti Iléṣà wá, ẹ kú ìrìn. Ọ̀rọ̀ yín ń bọ̀ níwájú, ẹ má tíì binú.

Ẹ jọ̀wọ́, kí olúkúlùkù mú bírò àti ìwé jáde. Ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe èyí tí a ń fi etí nìkan gbọ́.

Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin ayé àtijọ́ bá di ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọmọge, kí ló ń wí? Ẹ̀fà. Ọkàn òun fà sí i. Bí ọmọge náà bá wá dá ẹyọ mẹ́jọ padà ńkọ́? Ẹ̀jọ. Èrò àwọn méjèèjì jọ. Àrokò nìyẹn, a ò sì kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan: ta ni àrokò yẹn pamọ́ fún? Àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá ni. Ìyá ọmọge náà ńkọ́? Ìyá rẹ̀ gbọ́ Yorùbá ju àwọn méjèèjì lọ! Bó bá ti ka owó ẹyọ náà tán, ó ti mọ ohun tó ń lọ nínú ilé rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1883, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Auguste Kerckhoffs kọ ọ́ sílẹ̀ pé àrokò tó dára ni èyí tí ọ̀tá lè mọ gbogbo ọ̀nà tí a fi pa á, tí kò sì ní rí i tú, nítorí pé kọ́kọ́rọ́, ìyẹn àdéhùn ìkọ̀kọ̀ tí ẹni tó fi í ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á nìkan mọ̀, kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ka ìṣirò tí mo fẹ́ fi hàn yín lónìí máa ń ya àwòrán tó rẹwà, àwòrán oríta àti ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i máa ń rò pé àwòrán yẹn ló ń bo àṣírí. Rárá o. Àwòrán kì í bo àṣírí. Kọ́kọ́rọ́ ló ń bò ó. Gbogbo ohun tí mo máa sọ láti ìsinsìnyí lọ, orí gbólóhùn yẹn ló dúró lé.

Lẹ́tà wa 25 ni, kì í ṣe 26

Ẹ kọ́kọ́ kọ álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá sílẹ̀, kí ẹ fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Òdo ni kí ẹ fún a. Lẹ́yìn náà: b 1, d 2, e 3, ẹ 4, f 5, g 6, gb 7, h 8, i 9, j 10, k 11, l 12, m 13, n 14, o 15, ọ 16, p 17, r 18, s 19, ṣ 20, t 21, u 22, w 23, y 24. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá parí sí 24, gb ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo ni. Lẹ́yìn náà kó wo ẹ, ọ àti ṣ.

Ìṣirò aago la máa lò. Bí aago ogiri ṣe ń kúrò ní 12 tó ń padà sí 1, bẹ́ẹ̀ ni tiwa ń kúrò ní 24 tó ń padà sí òdo. Bí iye kan bá ju 24 lọ, ẹ yọ 25 kúrò: 32 di 7. Bó bá bọ́ sí ìsàlẹ̀ òdo, ẹ fi 25 kún un: −2 di 23. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́ńbà ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́, ẹ má fi lẹ́tà ránṣẹ́. Kí nìdí? Bí àrokò yín bá ní gb nínú, ẹni tó gbà á lè kà á sí g àti b, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e á sì ṣí kúrò ní àyè rẹ̀. Fóònù míì sì wà tó máa ń gé ìsàlẹ̀ ṣ jù nù. 20 ti di 19 nìyẹn, ẹni tó ń tú u á máa rò pé orí òun ni kò pé.

Àmì ohùn ńkọ́? Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: bí a bá yọ àmì kúrò, gbogbo wọn di ọ̀kan. Bí a bá sì pa lẹ́tà ní àrokò tí a fi àmì ohùn sílẹ̀ lórí rẹ̀ ní gbangba, onígángan ti lu ọ̀rọ̀ náà sí ìta nìyẹn. Ohùn nìkan ṣáà ni gángan ń sọ, a sì ń gbọ́ ọ. Ohun tó dára ni kí a kọ ohùn sọ́tọ̀: ìsàlẹ̀ 0, àárín 1, òkè 2, kí a wá pa òun náà ní àrokò lórí aago tirẹ̀ tó ní 3. Lónìí, a ó fi ohùn sílẹ̀ kí ilẹ̀ má baà ṣú bá wa.

Yíyí ojú lẹ́tà padà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ ni «Wá lálẹ́». Lẹ́tà mẹ́fà: w, a, l, a, l, ẹ. Nọ́ńbà wọn: 23, 0, 12, 0, 12, 4.

Julius Caesar, ọ̀gágun Róòmù, máa ń sún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan síwájú ní ìgbésẹ̀ 3. Ẹ ṣe é: 1, 3, 15, 3, 15, 7. Ìyẹn b, e, o, e, o, gb. Ẹ wo e, o, e, o tó wà láàárín yẹn. Ojú lẹ́tà ti yí padà, ṣùgbọ́n ìrìn wọn kò yí. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò ju 24 lọ. Ẹni tó bá ní sùúrù á dán gbogbo rẹ̀ wò kí oúnjẹ tó jinná. Bí a bá tiẹ̀ da lẹ́tà rú ju ti Caesar lọ, tí a kàn fi lẹ́tà kan rọ́pò òmíì láìtẹ̀lé ètò, al-Kindi ti Bàgídáàdì ti kọ́ ayé láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án bí a ṣe ń ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ yọ, tí a sì ń ti ibẹ̀ mọ ẹni tí ó jẹ́.

Ohun tó kàn ni kí ìgbésẹ̀ má dọ́gba. Giovan Battista Bellaso, ará Ítálì, tẹ ọ̀nà yìí jáde ní 1553. Vigenère, ará Faransé, ni ayé wá ń fi orúkọ rẹ̀ pè é. Oríyìn tó ṣìnà ni. A ó mú ọ̀rọ̀ kan ṣe kọ́kọ́rọ́. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ Ifẹ̀ la wà, ẹ jẹ́ ká mú «Ifẹ̀»: i 9, f 5, ẹ 4. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ wa léraléra, kí ẹ ro wọ́n pọ̀:

23 + 9 = 32, ìyẹn 7
0 + 5 = 5
12 + 4 = 16
0 + 9 = 9
12 + 5 = 17
4 + 4 = 8

Àrokò wa di 7, 5, 16, 9, 17, 8. A méjì ló wà nínú «wá lálẹ́». Ọ̀kan di 5, ìkejì di 9. L méjì ló wà. Ọ̀kan di 16, ìkejì di 17. Bí ẹ bá ń ka iye ìgbà tí lẹ́tà jẹ yọ níbí, ẹ ń ka òjò ni. Láti tú u, ẹ yọ 9, 5, 4 padà bó ṣe wọlé.

Oríta àti ọ̀nà

Ní 1736, Leonhard Euler yanjú àríyànjiyàn kan nípa afárá 7 tó wà ní ìlú Königsberg, ìlú tó ń jẹ́ Kaliningrad lónìí ní Rọ́ṣíà: ṣé èèyàn lè gba orí gbogbo afárá náà kọjá ní ẹ̀ẹ̀kan péré láìtún èyíkéyìí gbà? Ó ní kò ṣeé ṣe. Bó ṣe dé ibẹ̀ ló jọni lójú: ó ju odò nù, ó ju ilé nù, ó ju jíjìnnà àti sísúnmọ́ nù. Ohun tó kù ni oríta, àti ọ̀nà tó so oríta pọ̀. Òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní gíráàfù. Ẹ ti ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Bí a bá ní «ọ̀nà kan ò wọ ọjà», gíráàfù la ń sọ.

Ẹ ya oríta mẹ́fà sínú ìwé yín. Ẹ fún wọn ní orúkọ tí ó mọ́ wa lára, kí ẹ tò wọ́n báyìí: 1 Ẹnuwá, 2 Ìrẹmọ, 3 Òkèrèwè, 4 Ìlódè, 5 Mọ̀ọ̀rè, 6 Ìlàrè. Ẹ wá fa ọ̀nà mẹ́jọ. Láti Ẹnuwá, ẹ fà á lọ sí Ìrẹmọ, Òkèrèwè, Ìlódè àti Mọ̀ọ̀rè. Lẹ́yìn náà, Ìlódè sí Òkèrèwè, Òkèrèwè sí Ìrẹmọ, Ìrẹmọ sí Ìlàrè, Ìlàrè sí Mọ̀ọ̀rè. Kì í ṣe máàpù ìlú o. Ẹni tó bá fi wá ilé àna rẹ̀, tó sì ṣìnà, kó má pe orúkọ mi.

Ètò 1 dé 6 yẹn, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Kọ́kọ́rọ́ ni ìrìn tí a máa rìn: ìrìn tó kan gbogbo oríta ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí kò tún èyíkéyìí tẹ̀. Orúkọ Hamilton, ará Ireland, ni wọ́n fi ń pe irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ní 1857 ó fi í ṣe eré ìdárayá lórí oríta 20. Ìrìn tiwa nìyí: Ìlódè, Òkèrèwè, Ìrẹmọ, Ìlàrè, Mọ̀ọ̀rè, Ẹnuwá. Ẹ fi ojú tẹ̀ lé e nínú àwòrán yín, ẹ rí i dájú pé ọ̀nà wà láàárín ìkọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ ṣe ń rìn, ẹ máa fi àrokò wa sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. 7 bọ́ sí Ìlódè, 5 bọ́ sí Òkèrèwè, 16 bọ́ sí Ìrẹmọ, 9 bọ́ sí Ìlàrè, 17 bọ́ sí Mọ̀ọ̀rè, 8 bọ́ sí Ẹnuwá. Ẹ wá kà á jáde ní ètò tí gbogbo ayé mọ̀, láti Ẹnuwá dé Ìlàrè: 8, 16, 5, 7, 17, 9. Òun la máa fi ránṣẹ́. Ẹni tó gbà á á tò ó padà sórí oríta láti 1 dé 6, á rin ìrìn wa, á kó wọn bó ṣe bá wọn lọ́nà, á yọ kọ́kọ́rọ́ «Ifẹ̀» kúrò. «Wá lálẹ́» á jáde.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń tan ara wọn jẹ nìyí. Ìrìn mélòó ló wà tí ọ̀tá gbọ́dọ̀ dán wò? Bí oríta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ní ọ̀nà sí ara wọn pátá, ìrìn 720 ni. Bí ẹ bá tò wọ́n bí òrùka, tí oríta kọ̀ọ̀kan mọ aládùúgbò méjì péré, 720 ti di 12: ibi 6 láti bẹ̀rẹ̀, ọ̀tún tàbí òsì. Bí ẹ bá tò wọ́n sórí ìlà kan gbọọrọ, ìrìn 2. Bí ẹ bá ya á bí ìràwọ̀, tí gbogbo oríta yòókù so mọ́ ọ̀kan láàárín, kò sí ìrìn kankan rárá, nítorí àárín lẹ máa padà tẹ̀ ṣáá. Ẹ ò rí i? Ọ̀nà tí ẹ yọ kúrò nínú àwòrán kí ó lè rẹwà, kọ́kọ́rọ́ lẹ yọ dànù. Bí ọ̀tá bá ti rí àwòrán yín, ẹ ti bá a dín iṣẹ́ kù.

Àwọn kan á ní: «Ṣebí wọ́n sọ pé wíwá ìrìn Hamilton nínú gíráàfù ńlá le fún kọ̀ǹpútà?» Òótọ́ ni pé ó le nínú gíráàfù tó burú jù. Ṣùgbọ́n ọ̀tá yín kò ní wá ìrìn yẹn. Á kàn kó lẹ́tà yín jọ, á máa tò wọ́n títí wọn yóò fi dà bí Yorùbá. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé kò ní dúró fọ́ kọ́kọ́rọ́ tí fèrèsé bá ṣí sílẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ kò bá pé mẹ́fà-mẹ́fà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ lẹ́tà 8 nílò 4 sí i kó tó di 12. Ẹ má ṣe fi a mẹ́rin dí i! Òdo ni a. Òdo àti kọ́kọ́rọ́, kí ni yóò bí? Kọ́kọ́rọ́ gan-an ni. Ẹ ti kọ «Ifẹ̀» sí ẹ̀yìn lẹ́tà náà fún ọ̀tá pẹ̀lú ọwọ́ ara yín. Lẹ́tà tí kò ní ètò kankan ni kí ẹ fi dí i, kí ẹ sì kọ iye lẹ́tà òtítọ́ síwájú kí ẹ tó pa á.

Ifẹ̀, Iléṣà àti Ìlódè

Ó yá, ẹ̀yin ará Iléṣà, ọ̀rọ̀ yín ti dé. Kọ́kọ́rọ́ «Ifẹ̀» tí a lò lẹ́ẹ̀kan, ó ní àrùn. Ta ló rí i?

Lẹ́tà 3 ni kọ́kọ́rọ́. Oríta 6 ni àwòrán. 3 pín 6 dọ́gba. Ìyẹn ni pé, bí ọ̀rọ̀ wa bá gùn tó lẹ́tà 600, lẹ́tà tó bá bọ́ sí Ẹnuwá nínú ìdì lẹ́tà mẹ́fà kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà ẹ inú «Ifẹ̀» ló máa ń pàdé nígbà gbogbo, ìgbésẹ̀ 4, kò ní yàtọ̀ láé. Ọ̀tá á kó gbogbo ti Ẹnuwá jọ sọ́tọ̀, á kó ti Ìrẹmọ jọ sọ́tọ̀. Ìkọ̀ọ̀kan ti di àrokò Caesar! Gbogbo làálàá wa ti di eré ọmọdé, kì í sì í ṣe nítorí pé ọ̀nà méjèèjì kò dára. A kò bi ara wa bóyá wọ́n bá ara wọn mu ni. Kasiski, ọmọ ogun Prussia, ti fi hàn ní 1863 pé gígùn kọ́kọ́rọ́ máa ń tú ara rẹ̀ fó láti inú ohun tó bá ń padà wá ní àlàfo tó dọ́gba.

Kí ni ká ṣe? Ká mú kọ́kọ́rọ́ tí gígùn rẹ̀ àti iye oríta kò ní olùpín kan náà, yàtọ̀ sí 1. Lẹ́tà 5 àti oríta 6: ó di lẹ́yìn lẹ́tà 30 kí ètò tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. «Iléṣà» ńkọ́? I, l, e, ṣ, a. Lẹ́tà 5! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún ara yín.

Ẹ dáwọ́ dúró ná. Lẹ́tà a ló parí «Iléṣà», òdo sì ni a. Lẹ́tà karùn-ún ọ̀rọ̀ wa, l, 12 + 0, yóò ṣì jẹ́ 12. L wọlé, l jáde; ìdá kan nínú márùn-ún ọ̀rọ̀ náà ń lọ ní ìhòòhò. Ẹ wá gbìyànjú «Ìlódè» wò: i, l, o, d, e. Lẹ́tà 5, kò sí a, kò sí èyí tó wá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ rí i pé Ifẹ̀ ṣì gbà á padà. (Ẹ má lò ó o. Orúkọ àdúgbò ni ọ̀tá máa kọ́kọ́ dán wò. Nọ́ńbà márùn-ún tí ẹ fi ayò ṣẹ́ ló dára jù.)

Onígun mẹ́ta

Títí di ìsinsìnyí, lẹ́tà kan ń di lẹ́tà kan, ó ń ṣí ipò. Wọn kò tíì dà pọ̀ mọ́ra. Ní 1929, Lester Hill, ará Amẹ́ríkà, fi hàn bí a ṣe lè po lẹ́tà pọ̀ bí ẹni po èlùbọ́. Gíráàfù mú un rọrùn láti rí.

Ẹ ya onígun mẹ́ta: oríta mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ fi w, a, l sórí wọn: 23, 0, 12. Òfin kan péré: kí oríta kọ̀ọ̀kan ju ti ara rẹ̀ nù, kó ro ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ pọ̀. Àkọ́kọ́: 0 + 12 = 12. Ìkejì: 23 + 12 = 35, ìyẹn 10. Ìkẹta: 23 + 0 = 23. Àrokò: 12, 10, 23.

Báwo la ṣe ń tú u? Ẹ ro àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: 45, ìyẹn 20. Níwọ̀n bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti wọ ilé aládùúgbò méjì, 20 yìí jẹ́ ìlọ́po méjì àpapọ̀ lẹ́tà òtítọ́. A fẹ́ pín in sí méjì. Lórí aago 25, pípín sí méjì ni kí a fi 13 sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí 2 lọ́nà 13 jẹ́ 26, 26 sì jẹ́ 1. 20 lọ́nà 13 jẹ́ 260. Ó ku 10. 10 ni àpapọ̀. Kí oríta kọ̀ọ̀kan wá yọ tirẹ̀ kúrò: 10 − 12 = −2, ìyẹn 23, w. 10 − 10 = 0, a. 10 − 23 = −13, ìyẹn 12, l.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí: bí ẹ bá gbé onígun mẹ́ta yìí fún ẹni tó ń lo álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì, kò ní ṣiṣẹ́ fún un. Lẹ́tà tirẹ̀ 26 ni. Lórí aago 26, kò sí nọ́ńbà tí a lè fi 2 sọ di púpọ̀ kó di 1. Bó bá fi 13 kún lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àrokò kan náà ló máa jáde. Ọ̀rọ̀ méjì á ní ojú kan ṣoṣo, ẹni tó gbà á kò ní mọ èwo la sọ. Onígun mẹ́ta tí Yorùbá lè lò, Gẹ̀ẹ́sì kò lè lò ó.

Kí ẹnikẹ́ni má tíì yangàn. Ẹ padà sí oríta mẹ́fà, kí ẹ fa ọ̀nà láàárín gbogbo wọn. Oríta kọ̀ọ̀kan ní aládùúgbò 5 báyìí, 5 sì pín 25 dọ́gba. Bí ẹ bá fi 5 kún lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25, 25 jẹ́ òdo, àrokò kò yí padà. «Walalẹ» àti «efpfpi» á ní àrokò kan náà, àwọn mẹ́ta míì á sì tún bá wọn pín in. Gíráàfù yẹn kò ṣeé lò fún wa, ó sì ṣeé lò fún Gẹ̀ẹ́sì wọ̀ọ̀rọ̀wọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ má kàn da ìwé Gẹ̀ẹ́sì kọ. Nọ́ńbà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dítámínáǹtì, èyí tó ń sọ bóyá ohun tí a pò pọ̀ ṣeé tú padà, ni kí ẹ ṣírò kí ẹ tó lo gíráàfù kankan: tiwa kò gbọdọ̀ ṣeé pín fún 5, tiwọn kò gbọdọ̀ ṣeé pín fún 2 tàbí 13. Ti onígun mẹ́ta jẹ́ 2. Ti oríta mẹ́fà tí gbogbo rẹ̀ so pọ̀ jẹ́ −5.

Gíráàfù lọ́wọ́ ọ̀tá

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ibo ni ògiri wa ti lanu? Nínú èdè wa ni.

Nínú Yorùbá, kọ́ńsónáǹtì méjì kì í tẹ̀ lé ara wọn, àfi tí n tàbí m bá wà níbẹ̀. Fáwẹ́lì ló sì ń parí ọ̀rọ̀, tàbí n. Bí ẹ bá kàn fi lẹ́tà rọ́pò lẹ́tà, ọ̀tá á sọ lẹ́tà àrokò kọ̀ọ̀kan di oríta, á fa ọ̀nà láàárín èyíkéyìí tó bá fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn nínú ọ̀rọ̀ náà. Kí ló máa rí? Oríta á fẹ́rẹ̀ẹ́ pín sí àgbo méjì, tí ọ̀nà ń lọ láti àgbo kan sí èkejì. Àgbo kékeré tó kún fún èrò, fáwẹ́lì 7 wa nìyẹn. Sukhotin, ará Rọ́ṣíà, ti kọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1962: ẹ ka iye ìgbà tí lẹ́tà méjì fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù ni fáwẹ́lì àkọ́kọ́, ẹ yọ ìlọ́po méjì iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fi fẹ̀gbẹ́ kàn án kúrò nínú àpapọ̀ lẹ́tà náà, ẹ tún wá èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù, títí kò fi ní sí èyí tó ju òdo lọ. Yíyọ àlàfo àárín ọ̀rọ̀ kúrò máa ń da ojú rẹ̀ rú díẹ̀ fún un, nítorí fáwẹ́lì ló ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ wa, fáwẹ́lì á wá máa tẹ̀ lé fáwẹ́lì. Díẹ̀ ni mo wí o.

Èkejì, ìkíni. Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi. Nínú ogun àgbáyé kejì, ìròyìn ojú ọjọ́ tí àwọn ará Jámánì ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú gbólóhùn kan náà lójoojúmọ́ wà lára ohun tí àwọn ará Bletchley Park, ibùdó tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ti ń tú àrokò ọ̀tá, fi ráyè tú àrokò Enigma, ẹ̀rọ tí àwọn ará Jámánì fi ń pa àrokò. Àwa ńkọ́? Ta ni Yorùbá tó máa kọ lẹ́tà tí kò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «Ẹ kú»? Onígun mẹ́ta tí a ń yìn lẹ́ẹ̀kan, tàbí irú rẹ̀ mìíràn tó ń po lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta, bí ọ̀tá bá ti mọ lẹ́tà òtítọ́ 9 àti àrokò wọn, tí ìdì mẹ́ta náà kò sì jẹ́ àdàlù ara wọn, á kàn ṣe ìṣirò tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ń ṣe, kọ́kọ́rọ́ á bọ́ sí i lọ́wọ́. «Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú» ti ju lẹ́tà 9 lọ. Nítorí náà, nínú àrokò, ẹ má kí ẹnikẹ́ni. Bí ara yín kò bá gbà á, ẹ gé lẹ́tà náà sí méjì, kí ẹ fi ìdajì ìkẹyìn ṣáájú, kí ìkíni lè bọ́ sí àárín.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, bí a bá fi gíráàfù tí a fi ń po lẹ́tà pọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe kọ́kọ́rọ́, kékeré ni kọ́kọ́rọ́ náà. Oríta 6 ní àyè fún ọ̀nà 15. Ìkọ̀ọ̀kan wà tàbí kò sí. Gíráàfù 32,768 péré nìyẹn, kọ̀ǹpútà á sì yẹ gbogbo rẹ̀ wò kí ẹ tó ṣẹ́jú. Oríta 10 ní àyè fún ọ̀nà 45. Iye náà á lé ní tírílíọ̀nù 35. Ó pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ nípa «Ẹ kú» kò bìkítà fún iye.

Ohun tó wà nínú fóònù yín

Claude Shannon, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1949 pé nǹkan méjì ni àrokò gidi gbọ́dọ̀ ṣe: kó da ojú rú, kó sì tan ipa lẹ́tà kọ̀ọ̀kan káàkiri. Vigenère gbìyànjú àkọ́kọ́, gíráàfù wa gbìyànjú èkejì. AES, ọ̀nà tí fóònù àti kọ̀ǹpútà fi ń pa ọ̀rọ̀ ní àrokò, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2001, ń ṣe méjèèjì ní ìgbà 10 ó kéré tán. Ó ń po àwọn aládùúgbò pọ̀ bí onígun mẹ́ta wa ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n kó tó pò ó, ó ń pa ojú ìkọ̀ọ̀kan dà ní ọ̀nà tí kì í ṣe ìròpọ̀ lásán. Ohun tí onígun mẹ́ta wa kò ní nìyẹn, òun ló sì mú kó rọrùn láti tú.

AES ń kó ọ̀rọ̀ sínú àpótí 16, àpótí kọ̀ọ̀kan sì lè ní ojú 256. Mo ti rí i tí àwọn bàbá kan ń mi orí níbẹ̀ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, ojú odù 16, àpapọ̀ 256, nítorí ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ tí ìkọ̀ọ̀kan ń ṣí tàbí dé. Ìṣirò kan náà ló bí méjèèjì. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má jáde níbí kó lọ máa wí pé Ifá ló ṣe kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kọ gíráàfù oríta 6 sílẹ̀ láìya àwòrán, odù méjì ní àyè àmì 16. Ọ̀nà 15 á wọ inú rẹ̀, ẹ ó sì fi àmì tó kù ṣe ìṣọ́, kí iye ọ̀nà àti àmì ìṣọ́ lè jẹ́ nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì. Bí ẹnì kan bá ṣi àmì kan kọ, ẹ ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ tó kù di tiyín. Mo ti fi onígun mẹ́ta pa ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́fà kan ní àrokò, ìdì méjì, kò sí kọ́kọ́rọ́ mìíràn lórí rẹ̀: 14, 8, 14, 4, 12, 11. Ẹ ro ìdì kọ̀ọ̀kan pọ̀, ẹ fi 13 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ yọ. Àwọn tó ń dáná lẹ́yìn gbọ̀ngàn ti mọ ohun tí mo kọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tú u, kó má pariwo. Kó kàn dìde, kó ṣe ohun tí ó ní kó ṣe.